Ṣé ọmọ yìí nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún òbí àti olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìbéèrè tí àwọn òbí àti tíṣà máa ń béèrè láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣàgámù la kó jọ síbí. Kò pọn dandan kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá kàn yín ni kí ẹ mú.

Kí là ń pè ní ẹ̀kọ́ àkànṣe gan-an?

Ìrànlọ́wọ́ tí a dìídì tò fún ọmọ kan ni, torí pé ọ̀nà tí a fi ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tó fún un. Ó lè jẹ́ ìwé onílẹ́tà gàdàgbà, èdè ọwọ́ àwọn adití, ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ pẹ̀lú tíṣà kan, tàbí àga iwájú lásán. Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, wọ́n fẹ́ lé ọmọ àwọn kúrò nílé-ìwé ni. Rárá o. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ló lè dúró sí kíláàsì tí wọ́n wà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ló yẹ kó yí padà.

Ta ló máa ń kọ́kọ́ fura?

Nílé, ìyá ni, tàbí ìyá àgbà tó ti tọ́ ọmọ mẹ́jọ, tó sì mọ bó ṣe yẹ kí ọmọ ọdún méjì máa sọ̀rọ̀. Nílé-ìwé, tíṣà kíláàsì ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọmọ tó ń da kíláàsì rú ni tíṣà tètè ń rí. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn, tó ń wo ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà kọ, tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, òun ló máa ń dé páìmárì 5 kí wọ́n tó mọ̀ pé kò lè ka gbólóhùn kan.

Ohun tó ń bò ó láṣìírí ni kíkà àjùmọ̀kà. Tí ogójì ọmọ bá ń pariwo ohun tí tíṣà kà, ẹnu gbogbo wọn ló ń mì. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí tíṣà pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, kó fún ọmọ ní ojú ewé tí wọn ò tíì kà rí, kó sì tẹ́tí sí i fún ìṣẹ́jú kan péré. Ojú ewé tí wọ́n ti kà tẹ́lẹ̀ kò wúlò, torí ọmọ ti há a sórí. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń ka gbogbo rẹ̀ láìṣìnà nígbà tí ìwé dorí kodò.

Kí ló yẹ kí tíṣà ṣe kó tó sọ pé ó yẹ ká yẹ ọmọ wò?

Kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kì í ṣe ohun tó rò. Ìwé kékeré kan tó, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. "Ọ̀lẹ ni, kì í gbọ́ràn" kò wúlò fún dókítà. Irú èyí ló wúlò:

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:20, ìṣirò. Mo kọ ìbéèrè méjì sójú pátákó, ó ṣe méjèèjì, ó gbà wọ́n. Mo fẹnu pe ìkẹta nígbà tí mo kọ̀yìn sí kíláàsì. Kò kọ nǹkan kan, ó ń wo ẹnu Ṣẹ́gun. Mo lọ bá a, mo tún un sọ lójú rẹ̀. Ó ṣe é."

Ẹni tó bá ka èyí á ti rí i pé etí ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, kì í ṣe orí. Ẹ kọ ọjọ́, aago, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ohun tí ọmọ ṣe, àti ohun tó yanjú rẹ̀. Ẹ kọ èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe náà, torí ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọ́, ẹ máa dán àyípadà wò: ẹ mú un wá síwájú, ẹ sọ ohun kan ṣoṣo fún un lẹ́ẹ̀kan náà dípò mẹ́ta, ẹ fún un ní ìdérí ìgò láti fi ṣe ìṣirò. Àyípadà kan ni kí ẹ ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Tí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, tí ọmọ sì ṣe dáadáa sí i, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti yunifásítì Ìjagun wá kọ́ iṣẹ́ tíṣà lè ṣèrànwọ́ gan-an níbí. Kí ọ̀kan nínú wọn jókòó sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú 15, kó ka iye ìgbà tí ọmọ dìde lórí àga, kó sì ka ti ọmọ mìíràn tó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tirẹ̀. Bí ọmọ tí à ń fura sí bá dìde lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, tí èkejì náà sì dìde lẹ́ẹ̀mẹjọ, kíláàsì yẹn ló gbóná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde lọ ṣeré.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ojú àti etí la kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò?

Torí pé ọmọ tí kò rí pátákó dáadáa máa ń dà bí olódo, ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa máa ń dà bí alágídí, àwọn méjèèjì ló sì rọrùn jù láti mọ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò ní sọ fún yín. Bó ṣe ń ríran látìgbà tí wọ́n ti bí i nìyẹn. Ó gbà pé bí gbogbo ayé ṣe ń ríran náà nìyẹn.

*Ojú.* Ẹ wọn mítà 6 sílẹ̀ ní fàráńdà pẹ̀lú okùn tí ẹ ti fi téèpù wọ̀n. Ẹ má fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé àtẹ lẹ́tà tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò kọ́ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó wà ní ọ̀gangan ojú ọmọ, kí oòrùn má sì máa tàn padà lára rẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì mọ lẹ́tà, ẹ lo àtẹ oní-E, tí ọmọ á kàn fi ọwọ́ hàn bóyá ẹnu lẹ́tà náà kọjú sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ojú kan lẹ́ẹ̀kan. Ike tàbí páálí ni kó fi bo ojú kejì, torí ọmọ tó bá fọwọ́ bò ó á yọjú láàárín ìka. Ọmọ tí kò bá lè ka ìlà tí wọ́n kọ 6/12 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àtẹ pẹ̀lú ojú kan, tàbí tí ojú ọ̀tún àti òsì bá yàtọ̀ síra gan-an, kó lọ rí dókítà ojú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: wọ́n á to ọmọ sórí ìlà nínú yàrá kan náà, ẹni kẹwàá á ti gbọ́ gbogbo lẹ́tà lẹ́nu àwọn mẹ́sàn-án tó ṣíwájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró síta. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni àtẹ yìí ń dán wò. Ọmọ tí orí ń fọ́ tàbí tí omi ń dà lójú nígbà tó bá ń kàwé nítòsí lè yege ní mítà 6; ẹ rán òun náà lọ.

*Etí.* Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ ní ìwọ̀n apá kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 60, kó má lè wo ẹnu yín. Ẹ rọra tẹ ẹran kékeré tó wà lẹ́nu ihò etí kejì, kí ẹ sì máa rà á. Ẹ kọ́kọ́ mí síta tán, lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kó tún wọn sọ. Tí kò bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sọ mẹ́ta mìíràn. Tó bá gba mẹ́ta nínú mẹ́fà, ó yege fún etí yẹn.

Ohun kan wà tí ìwé ìlànà tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ má lo "ọkọ́" tàbí "ọkọ̀", "igbá" tàbí "igba": ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá lè ṣì wọ́n gbọ́. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí kò jọra rárá, bíi bàtà, ẹja, màlúù, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn láti orí ọmọ kan sí òmíràn.

Ọmọ tí kò bá yege kó lọ sí ẹ̀ka etí-imú-ọ̀fun ní ọsibítù ńlá, bíi OOUTH (ọsibítù yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ) ní Ṣàgámù. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n bóyá ẹ̀rọ ìyẹ̀gbọ́ràn ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó wọkọ̀. Nígbà mìíràn ìdọ̀tí etí tó ti di líle ni, tí nọ́ọ̀sì á yọ kúrò. Nígbà mìíràn omi ló wà lẹ́yìn ìlù etí, èyí tó máa ń wá tó sì máa ń lọ. Ìdí nìyẹn tí tíṣà kan fi lè búra pé "ó máa ń gbọ́ nígbà tó bá wù ú". Ẹ má rọ epo tàbí kẹrosíìnì sétí ọmọ, pàápàá etí tó ń da ọyún.

Ìjẹ̀bú là ń sọ nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé-ìwé. Ṣé wọn ò ní ṣi ọmọ mi mú?

Wọ́n lè ṣi í mú, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí ìyá-ìyá rẹ̀ tọ́ ní Òru tàbí Àwà, tó ń sọ ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú gbuurugbu, lè dákẹ́ fún odindi sáà kan ní ilé-ìwé aládàáni tí wọ́n ti ń ní kí wọ́n má sọ "èdè abínibí". Kò ní àléébù kankan. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé: bí ìṣòro bá hàn ní èdè tí ọmọ gbọ́ jù, ìṣòro tòótọ́ ni, bó bá jẹ́ inú Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ti hàn, Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì gbọ́.

Ẹ ní kó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá fún yín ní èdè ilé. Ẹ pa àlọ́ kúkúrú kan, kó pa á padà. Ẹ ní kó pàtẹ́wọ́ mọ́ gbogbo ìró inú "a-di-ẹ". Ẹ bi í pé, "ìró wo ló bẹ̀rẹ̀ 'bàtà'?" Ọmọ ọdún 7 tó ń sọ̀rọ̀ geere àmọ́ tí kò lè ya ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ báyìí, tí kò sì lè mú lẹ́tà mọ́ ìró lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ọ dáadáa, ni a máa ń fura sí pé ó ní dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà.

Àwọn àmì wo ló yẹ kó kọ wá lóminú?

Ní jẹ́lé-ó-sinmi: ọmọ tí kò rìn lẹ́yìn oṣù 18, tí kò so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ ("omi dà", "mọ́mì wá") lẹ́yìn ọdún méjì, tí kì í wẹ̀yìn tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, tí kì í nawọ́ sí nǹkan láti fi han ẹlòmíràn. Èyí tó wà ní kánjúkánjú ju gbogbo wọn lọ ni ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, tàbí tó ti ń rìn tó wá dáwọ́ dúró. Ìyẹn kì í ṣe ti ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọsibítù lọ́sẹ̀ yẹn ni.

Ní páìmárì 1 àti 2, ẹ má bẹ̀rù tí ọmọ bá ń kọ b bíi d. Títí dé ọdún 7 kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ọwọ́ òsì náà kì í ṣe àìsàn. Ẹ má nà án torí kó lè máa fi ọ̀tún kọ̀wé.

Láti páìmárì 3 sókè, ẹ wo ọmọ tí ìmọ̀ ẹnu rẹ̀ jìnnà sí ti ìwé: ó lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan gààrí láti orí ẹ̀gẹ́ títí dé agbada, àmọ́ kò lè kọ ìlà méjì nípa rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọgbọ́n yẹn ló bò ó mọ́lẹ̀ tí wọn ò fi tètè mọ̀.

Ọmọ mi kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé ADHD (àìlèfọkànsí nǹkan àti àìlèjókòó) ni?

Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Kí dókítà tó lè fi orúkọ yẹn pe nǹkan, àmì rẹ̀ ní láti wà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kó hàn níbi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (nílé àti nílé-ìwé, kì í ṣe ní kíláàsì tíṣà kan nìkan), kó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 12. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ náà. A fẹ́ràn láti máa ti ọmọ síwájú: ọmọ ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ti wà ní páìmárì 1, pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọn tó kéré jù ní kíláàsì ni wọ́n máa ń tètè fẹ̀sùn àìlèjókòó kàn, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ orí ni.

Ẹ bi ara yín nípa oorun. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ títí di aago mẹ́wàá alẹ́, tó sì ń jí ní aago márùn-ún, kò lè fọkàn sí nǹkan.

Òdì kejì rẹ̀ wà: ọmọ tó ń wo ọ̀ọ́kán. Irú wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣubú. Ọmọ á kàn dúró láàárín ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á dúró fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kò ní gbọ́ bí ẹ bá pè é tàbí fọwọ́ kàn án, yóò sì máa bá ohun tó ń ṣe lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Tíṣà á ní "ọkàn rẹ̀ ti lọ". Ẹ fi fóònù yà á, ẹ fi han dókítà. Oògùn wà fún un.

Báwo ni tíṣà ṣe máa sọ ọ́ fún òbí?

Kì í ṣe lẹ́nu géètì, kì í ṣe níwájú ọmọ, kì í sì í ṣe ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ẹ pè wọ́n síbi tó dákẹ́, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà wọn.

"Ìyá Bùkọ́lá, ẹ kú àárẹ̀ ọjà o. Bùkọ́lá mọ orin kọ, ó sì láàánú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti ń kíyè sí i fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún pé tí mo bá sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn rẹ̀, kì í dáhùn. Ṣé bó ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn, mà?"

"Mo rò pé agídí ni, Àǹtí. Bàbá rẹ̀ náà ń lù ú sí i."

Ẹ wò ó pé tíṣà ò dárúkọ àìsàn kankan. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ ohun tó rí, ó béèrè tilé, ìyá sì ti fúnra rẹ̀ fi nǹkan kún un. Lẹ́yìn náà ni kí ó gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ọmọ wò, kó sì fún òbí ní ẹ̀dà ohun tó kọ sílẹ̀.

Ibo la máa lọ, kí la sì máa gbé dání?

Ọ̀gá ilé-ìwé á kọ lẹ́tà. Tó bá jẹ́ ilé-ìwé ìjọba, ẹ̀dà rẹ̀ á lọ sí LGUBEA, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Lábẹ́ SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ni àwọn yẹn ń ṣiṣẹ́. Fún ìlera, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní OOUTH Ṣàgámù tàbí ní ọsibítù yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn. Bó bá jẹ́ ti ìṣesí tàbí wárápá, wọ́n lè ní kí ẹ lọ sí Aro, ọsibítù àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ síbẹ̀ kì í ṣe wèrè dandan.

Ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ tíṣà dání, ìwé iṣẹ́ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta (èyí tó ṣe dáadáa àti èyí tó bàjẹ́), káàdì àjẹsára, àti èsì jẹ́nótáìpù. Ẹ má fi jẹ́nótáìpù sílẹ̀: àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè fa rọpárọsẹ̀ tí kò hàn síta, tí ọmọ á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ẹ̀kọ́. Wọ́n á bi yín bóyá ó sunkún nígbà tí wọ́n bí i, bóyá gìrì mú un rí, bóyá ibà pọ́njú ṣe é ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ibà pọ́njú líle lè ba etí àti ọpọlọ jẹ́, káńfọ̀ tí wọ́n kó sáàárín aṣọ ìkókó sì wà lára ohun tó ń dá a sílẹ̀ lára àwọn ọmọ kan. Ẹ sọ òótọ́. Kò sẹ́ni tó ń wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi.

Wọ́n ní wọ́n fẹ́ dán ọpọlọ rẹ̀ wò. Ṣé ká gbà?

Ẹ gbà, àmọ́ ẹ béèrè èdè tí wọ́n máa fi dán an wò. Púpọ̀ nínú ìdánwò yẹn ni wọ́n ṣe fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Máàkì nìkan kò tó: kí wọ́n tó sọ pé òye ọmọ kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀, máàkì rẹ̀ ní láti wà ní bíi 70 sísàlẹ̀, kó sì tún hàn nínú ìgbé ayé rẹ̀, bíi wíwọ aṣọ, ríra nǹkan, mímọ ọ̀nà ilé. Ọmọ tó ń lọ ra epo ní Òkè-Àjẹ tó sì ń mú ṣéńjì bọ̀ pé pérépéré, tí wọ́n wá ní òye rẹ̀ kò tó, ìdánwò yẹn ni kí ẹ tún yẹ̀ wò.

Àǹtí ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà sọ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò yìí níbẹ̀. Tiwa ńkọ́?

Òótọ́ ló sọ. Òfin wọn tí wọ́n ń pè ní IDEA, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1975 lórúkọ mìíràn, ní kí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ máa wá irú àwọn ọmọ yìí kiri. Láti ìgbà tí òbí bá ti fọwọ́ sí i, wọ́n ní ọjọ́ 60 láti parí àyẹ̀wò, àyàfi tí ìpínlẹ̀ bá dá iye ọjọ́ tirẹ̀.

Òfin wà nílẹ̀ wa náà. Òfin UBE ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án di ọ̀fẹ́ àti dandan. Ògùn ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ láti 2006. Òfin àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, ó sì fún wọn lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdírì. Ibi tó kù sí ni pé kò sí iye ọjọ́ tí ẹ lè nàka sí. Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà yín, ẹ kọ déètì sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í pẹ́ nù.

Ṣé ká jẹ́ kó tún kíláàsì ṣe?

Tí wọ́n bá máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́dún tó kọjá, ohun tí kò yé e nígbà yẹn náà ni kò ní yé e.

Pásítọ̀ ní ẹgbẹ́ ọ̀run ni. Ìyá ọkọ mi ní ká lọ gba àgbo.

Ẹ lè gbàdúrà, ẹ má dáwọ́ oògùn dúró. Bí wárápá bá gbé ọmọ, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọmọ mi ti wà ní JSS 2. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́. Ìgbésẹ̀ kan náà ni: àkọsílẹ̀, ojú, etí, àyẹ̀wò. Ohun tó kù láti fi kún un ni ìdánwò àṣekágbá. WAEC máa ń ṣètò ìwé Braille (ìwé tí afọ́jú ń fọwọ́ kà) àti àfikún àkókò fún àwọn tó nílò rẹ̀, àmọ́ ìgbà tí ilé-ìwé bá ń forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sí i, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí dókítà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ìwé ẹ̀rí náà láti SS 1. Ọ̀gá ìdánwò tó bá rí yín lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò kò lè fi ìṣẹ́jú kan kún un.